Bí mo ṣe yan mọ́tò iná àti eyín ṣéènì fún Boxer mi

Afárá ni òkè tí a ní ní Èkó. Ilẹ̀ wa tẹ́jú, omi ló yí wa ká, kò sí ibi tí alùpùpù ti ń jìyà tó orí afárá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yọ ẹ́ńjìnì epo kúrò lára ọ̀kadà kó sì fi mọ́tò iná sí i, kó má kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ó máa sáré?" Afárá àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni kó kọ́kọ́ rò. Boxer BM 100 ni tèmi. Iṣẹ́ wáyà ilé ni mò ń ṣe, òun ni mo fi ń gbé irinṣẹ́ láti Ìpàjá lọ sí Agége àti Ọgbà, nígbà mìíràn dé Abúlé Ẹ̀gbá. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni epo ti ń jẹ èrè ọwọ́ mi, ni mo bá pinnu láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oríṣi mọ́tò iná méjì ló wà fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan wà nínú táyà ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Kò ní ṣéènì, bó bá ti yí lẹ́ẹ̀kan ni táyà yí lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni a máa ń dè mọ́ férémù níbi tí ẹ́ńjìnì wà tẹ́lẹ̀, ṣéènì ló sì ń gbé agbára rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹni tí mo lọ bá ní Alábà fẹ́ kí n gbé ti inú táyà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kàn máa pààrọ̀ táyà yín ni, ó parí." Òótọ́ ló sọ pé ó rọrùn. Ó tún máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí ọ̀nà rẹ bá sì dán, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tó wúwo ni, abẹ́ ṣọ́kù ló sì wà, gbogbo kòtò tó wà ní ojú ọ̀nà wa ni yóò máa fi ìwọ̀n yẹn gbá rímù àti sípóòkù. Èyí tó tún kàn mí jù ni pé bí o bá ti rà á, o ti rà á nìyẹn: o kò lè fi eyín tún un ṣe bí ẹrù rẹ bá yí padà. Mo gbé ti orí férémù.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí n kò fi àpótí gíà àti kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì epo ò ní agbára bó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, ìdí tó fi nílò gíà nìyẹn. Mọ́tò iná kì í ṣe bẹ́ẹ̀: láti ìdúró ni gbogbo agbára ìyí rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń yí nǹkan, ti wà. Gíà kan ṣoṣo ti tó, bó bá ti jẹ́ èyí tó yẹ.

Láti ara táyà ni kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà ẹ̀yìn àti sórí símẹ́ńtì, mo jókòó lé alùpùpù, àbúrò mi rọra tì í títí àmì ara táyà fi padà kanlẹ̀. Mítà 1.8 ni. Ó yẹ kí èèyàn jókòó lé e kó tó wọ̀n ọ́n, torí táyà máa ń tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Eré 70 km/h tó mi. Ìyẹn jẹ́ mítà 1,167 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi 1.8 pín in, táyà gbọ́dọ̀ yí ìgbà 648. Ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò tí mo rà ni 72V, 3,000W, àti 4,900 ìyí láàárín ìṣẹ́jú. Fi 648 pín 4,900, wàá rí nǹkan bíi 7.6. Ìyẹn ni pé mọ́tò gbọ́dọ̀ yí ìgbà méje àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá wo sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń gbà lórí rẹ̀, tó wà lára Boxer mi: eyín 14 níwájú, eyín 42 lẹ́yìn. Ìlọ́po mẹ́ta péré nìyẹn. Bí mo bá de mọ́tò yìí mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, eré tó máa bá 4,900 rẹ̀ mu ni 176 km/h. Agbára 3,000W ò lè gbé alùpùpù débẹ̀ láéláé. Á kàn máa fa iná gọbọi ni, á sì máa jó ara rẹ̀ gbẹ.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù nìyí, torí ibẹ̀ ni owó èèyàn ti ń ṣòfò. Mo gbé alùpùpù, bátìrì, èmi àti ẹrù mi sí 250 kg, mo sì ní kí afárá máa gòkè mítà 5 nínú 100. Láti gun irú òkè bẹ́ẹ̀ ní 30 km/h, táyà nílò agbára tó lé ní Newton 180 láti fi ti ilẹ̀. Bí a bá wò ó ní wáàtì, 1,500 àti díẹ̀ ni, ìdajì ohun tí mọ́tò mi lè ṣe. Ẹni tó bá fi wáàtì nìkan ra mọ́tò á rò pé ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n agbára ìyí ló ń gun òkè, iná tó ń gba inú wáyà mọ́tò ló sì ń mú un wá. Bí iná yẹn bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ká tiẹ̀ fi eyín 11 síwájú, 42 sẹ́yìn, ìlọ́po 3.8 nìyẹn, mọ́tò mi gbọ́dọ̀ fa iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti ìwọ̀n iná tí wọ́n ṣe é fún kó tó gun afárá yẹn, ooru rẹ̀ á sì ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ní ìlọ́po 7.6, iná náà ò ju ìwọ̀n yẹn lọ pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún. Mọ́tò kan náà, bátìrì kan náà. Eyín ló yàtọ̀, bí ìgbà tí a fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà láti tú nọ́ọ̀tì tó le.

Báwo ni a ṣe fẹ́ rí 7.6 yẹn? Iwájú ò ṣeé dín kù ju 11 lọ, torí ṣéènì á máa ṣẹ́po jù, á sì tètè jẹ. Bí a bá sì sọ ẹ̀yìn di eyín 84, fífẹ̀ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì náà á tó sẹ̀ǹtímítà 34 pẹ̀lú ṣéènì oríṣi 428, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò ní ju sẹ̀ǹtímítà 12 sí ilẹ̀ lọ. Pẹ̀lú àgbàrá òjò wa? Rárá o. Mo pín in sí méjì: láti mọ́tò sí ṣáàfù àárín (ọ̀pá irin tó ń yí láàárín mọ́tò àti táyà), eyín 14 sí 28. Láti ṣáàfù àárín sí táyà, 11 sí 42. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.64, eré rẹ̀ sì jẹ́ 69 km/h.

Tọ́nà kan ní Múṣin, bàbá àgbà tó mọ irin bí ẹni mọ owó, ló gé ṣáàfù náà fún mi. Mo ní kí wọ́n gbé e lé bẹ́árìnì méjì ní apá kan, kí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà lóde. Wọ́n wo àwòrán mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣéènì méjì ló fẹ́ máa fa irin yìí. Jẹ́ kí bẹ́árìnì dì í mú lọ́tùn-ún lósì, kí eyín wà láàárín." Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá, bí ẹ ṣe wí náà ni ká ṣe é." 6204 ni bẹ́árìnì náà, èyí tó ní rọ́bà ní ojú méjèèjì kí omi má ráyè wọlé. Jórinjórin fi irin pẹlẹbẹ dè é mọ́ férémù, mo sì dúró tì í kí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sẹ́yìn lè bọ́ sí ojú ibi tí ti ẹ́ńjìnì wà gan-an. Ibẹ̀ sún mọ́ ibi tí fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti ń tẹ̀, nítorí náà bí ṣọ́kù bá ń lọ sókè sódò, ṣéènì kì í fà jù, kì í dẹ̀ jù. Kí wọ́n tó jó o pa, mo gbé irin tó tọ́ lé ẹ̀gbẹ́ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì láti rí i pé wọ́n wà lójú ìlà kan. Ṣéènì tó bá wọ́ kì í pẹ́.

Lórí kọ̀ǹtírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti bátìrì lọ sí mọ́tò, mo fi òpin sí iná tó ń ti bátìrì jáde ní ámpíà 50. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: nígbà tí eré ò bá pọ̀, iná tó wà nínú wáyà mọ́tò lè ju èyí tó ń ti bátìrì jáde lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. O lè máa wo mítà bátìrì rẹ kó ní ámpíà 15, kí mọ́tò sì máa yan lábẹ́ rẹ. Sénsọ̀ ooru ni kí o gbà gbọ́. Tèmi wà nínú wáyà mọ́tò, mo sì ṣètò kí kọ̀ǹtírólà máa dín agbára kù fúnra rẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé e gun afárá Pen Cinema, nígbà tí ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà láti ìsàlẹ̀. Mo ń dúró, mo ń gbéra, ẹrù wà lẹ́yìn. Kọ̀ǹtírólà ò dín agbára kù rárá, nígbà tí mo sì sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, mo lè gbé ọwọ́ lé ara mọ́tò náà. Inú mi dùn kọjá àlà. Eré rẹ̀ máa ń yí padà díẹ̀ o: bátìrì mi jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 20 tó tẹ̀ léra wọn, 84V ni bó bá kún, nígbà yẹn ó máa ń kọjá 70 dáadáa. Bó bá ti ń lọ sí 60V, eré á máa wálẹ̀. Iye tí mo fi ṣe ìṣirò, 72V, wà láàárín.

Bí ọ̀nà rẹ bá gùn tó sì tẹ́jú, bíi ti ẹni tó ń gba Lẹ́kì lọ sí Ẹ̀pẹ́, fi eyín 12 rọ́pò 11 lórí ṣáàfù àárín. Eré á di nǹkan bíi 75 km/h, agbára ìyí á sì fi bí ìdá méjìlá dín kù. Kò ju kí o tú sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kan kí o sì fa táyà síwájú díẹ̀ lọ.