Àjẹsára Tí Ẹ Pa Kí Adìẹ Tó Mu Ún: Àṣìṣe Tó Ń Jẹ́ Kí Lúkúlúkú Palẹ̀ Adìẹ Yín Mọ́

Ọyẹ́ ń bọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin adìẹ yóò tún máa pè mí ní kùtùkùtù: ọrùn adìẹ ti lọ́, ìgbẹ́ wọn dàbí ewé tí a gún. Tí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n fún un ní àjẹsára, wọ́n á ní, "A fún wọn, sà!" Inú á bí mi, torí mo mọ bí wọ́n ṣe fún wọn.

1. Ẹ má kó owó lé àǹtíbáyótíìkì. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa lúkúlúkú, tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, kò sí oògùn tó ń wò ó.

2. Ẹ má da adìẹ tí ẹ rà lónìí pọ̀ mọ́ ti ilé. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán.

3. Lasota, àjẹsára lúkúlúkú tí adìẹ ń mu nínú omi. Èyí ló ń dùn mí jù! Fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ wà láàyè, inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius ló sì gbọ́dọ̀ wà títí dé ilé adìẹ. Ẹ̀yin á kì í bọ àpò ṣòkòtò, ẹ á gun ọ̀kadà, ẹ á tún yà jẹ àmàlà. Ooru ti pa á. Ẹ gbé kúlà àti yìnyín dání. Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Kilorínì inú rẹ̀ ń pa á. Omi kànga tó mọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá mọ́ ọn, gíráàmù 2.5 sí lítà kan, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó da àjẹsára sí i. Kí òùngbẹ ti gbẹ àwọn adìẹ fún wákàtí kan sí méjì, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín wákàtí méjì.

Ẹ má sì fi Izal fọ ike omi láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fún wọn ní àjẹsára, òun náà ń pa á. Èmi náà ṣe é rí. Nínú 400 adìẹ ẹlẹ́yin, 260 ló kú lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi gbẹ́lẹ̀.

Àjẹsára lúkúlúkú tí a ń kán sójú ọmọ adìẹ ọjọ́ kan náà, ẹ má fò ó. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é.

Ẹ má gba kíréètì ẹyin àlòkù lọ́wọ́ alájàpá, kí àrùn má baà bá a wọlé.

Ẹ má ta èyí tó ń ṣàìsàn lọ́jà, ẹ jọ̀ọ́. Láti 1952 tí wọ́n ti rí àrùn yìí ní Ìbàdàn ló ti ń ti ọjà wọ abúlé, ìyá arúgbó tó ń sin mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé ló sì ń gba ìyà rẹ̀. Ẹ sun òkú adìẹ, tàbí kí ẹ sin ín jìn kí ajá má baà hú u. Bàtà tí ẹ wọ̀ lọ sin ín, ẹ má wọ̀ ọ́ padà sílé adìẹ.