Sátidé mẹ́wàá nídìí póókà ní Yàbá: ohun tí ìwé ìṣirò mi sọ

Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, àǹkárá àti léèsì, ọdún kẹtàdínlógún rèé. Mi ò lè ta ọ̀pá kan kí n má kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo sì pinnu pé màá gbìyànjú ìdíje póókà, ìwé tuntun ni mo kọ́kọ́ rà kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di káàdì mú. Mo fa ìlà sí i: ọjọ́, owó tí mo san, iye èèyàn, ibi tí mo ti já, ohun tó já mi. Mo ya ₦200,000 sọ́tọ̀, ìdíje mẹ́wàá, ₦20,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá tán, ó tán. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé bí wọ́n bá lé mi jáde, mi ò gbọdọ̀ tún owó san padà wọlé lọ́jọ́ náà.

Ìyá Dámi, ìyàwó mi, yẹ ìwé náà wò. "Bàbá Dámi, ìlà tí ẹ fà sí i yìí, ṣé òun ló máa sọ pé kì í ṣe tẹ́tẹ́ mọ́?"

Mo ní ọpọlọ ló wà nídìí ẹ̀. Ó ní kò burú, bí ìkẹwàá bá parí kí n gbé ìwé náà wá.

Oníbàárà mi kan tó ń ra léèsì lọ́pọ̀ ló kó mi sí i. Ó sọ ìtàn Chris Moneymaker fún mi, akáǹtáǹtì ará Amẹ́ríkà kan tó fi dọ́là 86 wọ ìdíje kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó gba ibẹ̀ dé ìdíje àgbáyé ní Las Vegas lọ́dún 2003, tó borí èèyàn 838, tó sì gba mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là. Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn o, kì í ṣe ìnagijẹ. Orúkọ ń roni lóòótọ́. Èmi, Whot ni mo mọ̀. Ní Múṣin tí mo dàgbà sí, bí mo bá ti di káàdì mú, àwọn ọmọ àdúgbò á ti máa kùn. Ṣùgbọ́n nínú Whot, ẹni tó bá ku ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pariwo "last card". Nídìí póókà, ẹni tó fẹ́ pa ọ́ kì í kí ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ta á, fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Texas Hold'em ni tiwa. Káàdì 52 ni. Wọ́n á fún kálukú ní méjì, ìwọ nìkan lo máa rí tìẹ. Wọ́n á ṣí mẹ́ta sáàárín tábìlì fún gbogbo ayé, ìyẹn flop. Wọ́n á tún ṣí ẹyọ kan, turn, àti ẹyọ kan tó kẹ́yìn, river. Nínú méjèèje, márùn-ún tó dáa jù lo máa fi jà. Láàárín àwọn ìṣísílẹ̀ yìí la ti ń fowó léra, tàbí kí èèyàn da káàdì rẹ̀ nù kó jókòó jẹ́ẹ́. Ike róbótó la fi ń ṣe owó, ike tí iye rẹ̀ jẹ́ 10,000 ni wọ́n ń kó fún kálukú níbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kò tètè yé mi ni blind. Ní ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi ike sílẹ̀ kí wọ́n tó rí káàdì rárá, 50 àti 100 níbẹ̀rẹ̀, ogún ogún ìṣẹ́jú ló sì ń ga sí i. Owó ṣọ́ọ̀bù ni. Bóo tà, bóo ò tà, lanlọ́ọ̀dù ń bọ̀.

Gbọ̀ngàn náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yàbá, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Sátidé àkọ́kọ́, ogójì ìṣẹ́jú péré ni mo lò. Gbogbo káàdì tí wọ́n fún mi ni mo ń fi jà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ń ra gbogbo ọjà tó bá ti ń dán. Sátidé kejì, mo yí i padà: mo ń dà á nù, mo ń dà á nù, mò ń dúró de káàdì ńlá títí tí blind fi jẹ mí tán. Oorun ló kù kí n sùn.

Sátidé kẹta ni mi ò lè gbàgbé.

Mo gbé igun káàdì mi sókè, mo rí Ace méjì, káàdì tó ga jù lọ. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni irú ẹ̀ ń wá. Àyà mi ń lù kìkì, mo ń fi ojú wo àjà kí wọ́n má baà rí i lójú mi. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìfowópamọ́ fowó lé e. Mo ti gbogbo ike mi síwájú. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀lé mi. A ṣí i: Ọba (King) méjì lòun ní. Bí èèyàn bá ta irú ìjà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, Ace á jẹ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Flop kọjá. Turn kọjá. Mo ti ń ka ike rẹ̀ mọ́ tèmi lọ́kàn. River: Ọba kẹta.

Ẹ̀gbọ́n náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, àbúrò." Pẹ̀lẹ́ yẹn ló dùn mí jù.

Kí n tó dìde, ọmọ tó ń gbowó ti gbé POS wá síwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa tún wọlé?" Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi wà nínú báàgì lábẹ́ àga. Mo fa káàdì báńkì yọ. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni wọ́n tún lé mi jáde, pẹ̀lú káàdì tí ọmọ kékeré ò ní fi jà. Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà ti ṣe mí ní ìsọ̀ rí: wọ́n fi alẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba léèsì lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà tó tẹ̀lé e tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, òun ni mo jágbe mọ́ títí tó fi bá tirẹ̀ lọ. Olè kan ló jà mí, èmi fúnra mi ló wá lé ọjà lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí: "₦20,000, ìbínú."

Ohun tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe fún mi, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ láìmọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ní Balógun, ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ owó ló ń jìyà ẹ̀. Oníbàárà á ní, "Èló ni gbẹ̀yìn?" Èmi náà á ní, "Ẹ̀yin, èló lẹ fẹ́ san?" A lè wà lórí ẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àmì apínkáàdì ṣe ń yí tábìlì póókà ká: ẹni tó bá dé iwájú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí flop. Ó ti rí ẹni tó bẹ̀rù, ó ti rí ẹni tó ń ṣe fújà, kó tó la ẹnu. Káàdì tí mo gbọ́dọ̀ dà nù bí mo bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, mo lè fi gbowó bí mo bá jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Àǹtí kan wà níbẹ̀, ará Ìkẹjà, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀; ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti rí i. Bí kò bá sí ní àyè tó dáa, á da káàdì nù bí ẹni da omi ìfọwọ́ nù.

Ojú náà sì ń bẹ. Oníbàárà tó bá kẹ̀yìn sí mi tó ní òun ń lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo máa ń wò, kì í ṣe ẹnu ẹ̀. Bó bá ń wọ́ ọ, yóò padà. Nídìí póókà, ọwọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá ń ti ike síwájú. Mo rò pé ẹ̀rù ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó kí n tó mọ̀ pé ayọ̀ ni.

Sátidé kẹrin, mo kàn já láàárín. Ìkarùn-ún, èèyàn 27, mo ṣe ipò kẹrin, wọ́n fún mi ní ₦48,000, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìtìjú ni ìwé mi kọ síbẹ̀. Ìdí ni pé mo ti fi gbogbo ike mi sílẹ̀ nígbà tó ku river nìkan, tí mò ń wá káàdì ọlọ́kàn pupa kan ṣoṣo kí tèmi lè pé márùn-ún. Mẹ́sàn-án ló kù nínú 46 tí mi ò tíì rí, ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ó wá. Òmùgọ̀ tí orí ẹ̀ gbè é ni mo jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìkẹfà, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lórí Carter Bridge gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi, blind ti ga kí n tó jókòó. Ìkeje, kò sí nǹkan.

Ìkẹjọ, èèyàn 31. Mo fara balẹ̀. Bí ike mi bá ti dín kù tí kò ju ìlọ́po mẹ́wàá blind ńlá lọ, mi ò ṣiyèméjì mọ́: kí n ti gbogbo ẹ̀ síwájú, tàbí kí n dà á nù. A ku ẹni mẹ́rin nígbà tí iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Ẹ ò rí i bí àgbà mẹ́rin ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ bo káàdì bí ẹni bo owó orí, tí apínkáàdì ń pariwo pé, "Ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ike o!" Wọ́n fi iná fóònù parí ìpín yẹn. Èmi ni mo jẹ ẹ́.

Ó wá ku èmi àti àǹtí ará Ìkẹjà. Ike tiẹ̀ ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì. Mo rí Ace àti 8, mo ti gbogbo rẹ̀ síwájú. Ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó tẹ̀lé mi pẹ̀lú Ọba àti Jack. Èmi ni mo wà níwájú, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Jack jáde ní turn, tiẹ̀ di méjì. Ó tán. ₦150,000 ni ipò kejì. Mo gba Ojúẹlẹ́gba rìn lọ sílé ní Sùúrùlérè lóru ọjọ́ náà, inú mi ń dùn, nítorí bí wọ́n bá gbé Ace àti 8 yẹn fún mi lọ́la, ohun kan náà ni màá ṣe.

Ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá, mo já láìgba kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo gbé ìwé náà fún Ìyá Dámi lórí tábìlì oúnjẹ. Oúnjẹ ló ń tà ní Tẹ̀júoṣó, ìṣirò ò ṣòro fún un. Ìdíje mẹ́wàá àti ìbínú kan: ₦220,000 jáde. ₦48,000 àti ₦150,000 wọlé: ₦198,000. Mo pàdánù ₦22,000, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀.

"Nínú 20,000 yìí, gbogbo ẹ̀ ni ẹ jọ ń jẹ ni?"

Mo ní rárá, ₦2,000 ni àwọn tó ni gbọ̀ngàn ń mú lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó pín ìyókù.

Ó fi bírò ka àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lẹ sanwó. Ẹgbẹ̀rún méjì lọ́nà mọ́kànlá." Ó kọ 22,000 sísàlẹ̀, ó fa ìlà yí i ká. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ti ń múra ẹnu sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́.

"Bàbá Dámi, èló ni wọ́n ń gba gbọ̀ngàn yẹn lọ́jọ́ Sátidé kan?"