Bí A Ṣe Ń Tọ́ Tíì Òkè Wuyi Wò

Tíì tí à ń sọ níbí kì í ṣe Bọnfítà tàbí Máílò tí gbogbo wa ń pè ní tíì nílé, kì í sì í ṣe ti inú àpò pélébé tó ń so mọ́ okùn. Odindi ewé ni. Zhengshan Xiaozhong lorúkọ rẹ̀, òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní Lapsang Souchong. Abúlé Tongmu lórí òkè Wuyi, ní ìpínlẹ̀ Fujian ní Ṣáínà, ló ti wá. "Zhengshan" túmọ̀ sí òkè gangan, nítorí ayédèrú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe níbòmíràn pọ̀. Òyìnbó wo ewé, ó pè é ní tíì dúdú. Ará Ṣáínà wo omi inú ife, ó pè é ní tíì pupa. Òtútù àti ìkúùkù òkè kì í jẹ́ kí ewé náà yára dàgbà, ìdí nìyẹn tí adùn fi wà nínú rẹ̀ láìsí ṣúgà.

Oríṣi méjì ló wà. Elééfín ni èyí tí wọ́n fi iná igi páìnì rọ̀, tí wọ́n sì fi gbẹ ẹ́, nínú ilé onípákó alájà púpọ̀. Èkejì kò rí èéfín rárá: òórùn oyin, òdòdó àti ọ̀dùnkún yíyan ló wà lára rẹ̀. Jin Jun Mei, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2005 láti ara ọ̀mùnú ewé nìkan, wá láti òkè kan náà. Ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí, kó fi èyí tí kò ní èéfín bẹ̀rẹ̀. Èéfín lè bo àṣìṣe ewé mọ́lẹ̀, bí ata ṣe ń bo ẹran tó ti fẹ́ bàjẹ́.

Ẹ wá ife tánganran funfun onídèérí (gaiwan) tó gba nǹkan bíi mílílítà 100, òṣùwọ̀n kékeré, àti gíráàmù 5 ewé. Omi ṣe pàtàkì ju ife lọ. Omi tó ń rùn bíi kílórínì yóò pa òórùn tíì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, omi ẹ̀rọ yín le, ó máa ń fi awọ fẹ́lẹ́ sójú tíì. Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó gbé e kaná. Kí omi wà ní 95°C fún Zhengshan Xiaozhong, àti 85 sí 90°C fún Jin Jun Mei. Ẹ má fi mílíìkì tàbí ṣúgà sí i.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan ife, kẹ́ ẹ dà á nù. Ẹ da ewé sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ ṣí ìdérí gbóòórùn. Ibí yìí ni irọ́ ti ń tú. Èéfín tó dára máa ń jọ igi páìnì, adùn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ọ̀dà títì tàbí rọ́bà tó jóná, wọ́n ti fi èéfín pọ́n ọn lójú, tàbí kí wọ́n fi òórùn àtọwọ́dá sí i.

Ẹ da omi sí i, ka ìṣẹ́jú àáyá 10, kẹ́ ẹ dà á sínú ife mìíràn. Ẹ dà á tán pátápátá: omi tó bá ṣẹ́ kù sórí ewé ló ń mú ife kejì korò. Ìkejì, 10, ìkẹta, 15, ìkẹrin, 25, ìkarùn-ún, 40. Ewé gidi yóò dé ìkẹfà.

Ẹ fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, kí afẹ́fẹ́ gbé òórùn rẹ̀ dé imú. Ẹ gbé e mì, kẹ́ ẹ wá mí síta láti imú. Adùn tí àwọn ará Wuyi ń wá ni ti èso longan gbígbẹ. Ẹni tí kò mọ longan, kó rántí dàbínù tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró díẹ̀. Bí omi ṣe máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó jẹ obì, bẹ́ẹ̀ ni adùn kan yẹ kó padà wá sí ọ̀fun. Tí ẹnu bá kàn gbẹ, tó fún pọ̀, tí adùn kò dé, ó ti pẹ́ jù nínú omi, tàbí ewé náà kò dára.

Ẹ fi ife kan sílẹ̀ kó tutù. Àbùkù tí ooru bò yóò jáde. Bó bá dà rú bí omidùn, ẹ má dà á nù: kaféènì ló so mọ́ àwọn èròjà inú tíì, yóò tún mọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e kaná. Ẹ wo ewé tó rẹ pẹ̀lú. Ó yẹ kó rọ̀, kó pọ́n bíi bàbà. Èyí tó le, tó dúdú bí èédú, iná ti jó o kọjá ààlà.

Inú agolo tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, pàápàá ní Èkó tí ọ̀rinrin pọ̀, kó má baà kan. Kí elééfín àti èyí tí kò ní èéfín má sì gbé inú àpótí kan náà, torí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èéfín nìkan lẹ ó máa gbọ́ lára méjèèjì.