Ẹ má torí iná tí kò lo wáyà kọ́lé láìsí sọ́kẹ́ẹ̀tì

Láàárín ọdún méjì, ilé mẹ́ta ni wọ́n ti pe èmi oníṣẹ́ iná sí ní Ìkòròdú pé kí n wá gbẹ́ ògiri tí wọ́n ti kùn lọ́dà. Ẹnìkan ló sọ fún onílé pé iná tí kò lo wáyà ń bọ̀, pé kò sídìí páìpù tí wáyà ń gbà nínú ògiri mọ́. Ó ń dùn mí, torí owó páìpù tí wọ́n fún mọ́wọ́ kì í tó ìdajì èyí tí wọ́n ń ná lẹ́yìn rẹ̀. Àṣìṣe mẹ́ta tí mo ń rí nìyí.

1. Ríra ṣájà tí a ń gbé fóònù lé láìwò bóyá àmì Qi, ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ jọ ń tẹ̀ lé fún ṣájà tí kò lo wáyà, wà lára rẹ̀.

2. Gbígbàgbé kọ́kọ́rọ́ tàbí owó onírin sáàárín fóònù àti ṣájà. Irin á gbóná. Ẹ yọ káàdì báǹkì kúrò lẹ́yìn fóònù pẹ̀lú.

3. Yíyọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nínú iṣẹ́. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú.

Nọ́ọ̀sì kan ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta ní Ìgbógbó. Mo ti sàmì sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá sára búlọ́ọ̀kù kí bíríkìlà tó rẹ́ ẹ. Àbúrò rẹ̀ pè láti òkè òkun: mẹ́rin ti tó. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ri páìpù mọ́ ògiri, bí a ò bá tiẹ̀ tíì fa wáyà sí i." Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣe é bó ṣe wí." Mo gbà. Kò yẹ kí n gbà.

Kò pé oṣù mẹ́jọ tó kó wọlé tó tún fi pè mí. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ń wọ́ láti pálọ̀ dé kíṣìnnì. Èyí tí fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù jọ ń lò ti yọ́ lẹ́yìn àga, kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ sì ti jó dúdú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ kékeré máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo gbé ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n náà. Ọjọ́ mẹ́rin la fi gbẹ́ ògiri, eruku bo bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ, ó sì tún san owó rírẹ́ àti ọ̀dà.

Iná tí kò lo wáyà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Wọ́n á ká wáyà kọ́pà bí òrùka, iná á máa lọ á máa bọ̀ nínú rẹ̀, agbára mágnẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara rẹ̀ jáde á sì jí iná sínú òrùka kejì tó wà nítòsí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Faraday ti rí i láti 1831. Àmọ́ bí òrùka kejì bá ṣe ń jìnnà ni ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà tan gúlóbù 60 wáàtì láti nǹkan bíi mítà méjì. Òrùka wọn fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, síbẹ̀ nǹkan bíi 40 nínú 100 ló dé. Bí fíríìjì bá ń jẹ 100 wáàtì lọ́nà yẹn, 250 ni yóò máa fà. Ẹni tó ń lo ínfátà mọ ibi tí bátìrì rẹ̀ máa bá a dé lóru.

Kíṣìnnì ni mo ti ń retí rẹ̀ jù. Àwọn tó ṣe Qi ti ń ṣe òmíràn tó ń jẹ́ Ki, tó lè gbé tó 2,200 wáàtì: ẹ gbé bíléńdà tí wọ́n ṣe fún un lé kántà, ó ti ń lọ ata. Inú mi dùn sí i, torí omi àti wáyà kì í bára gbé. Ṣùgbọ́n awo tó ń fi iná ránṣẹ́ lábẹ́ kántà, wáyà ló ń bọ́ ọ láti ara ògiri. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn tó wà ní Ìkòròdú wa níbí, tí wọ́n ṣe fún 1,320 mẹ́gáwáàtì, orí wáyà ni iná rẹ̀ ń gbà jáde.

Ẹ má sì sanwó fún àpótí tí wọ́n ní á tan gbogbo ilé láti igun pálọ̀. Mi ò tíì rí ọ̀kan tó ṣe é.

Bí búlọ́ọ̀kù bá ṣì wà níhòòhò, ẹ ri páìpù dé abẹ́ kántà àti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wáyà 2.5 mm² pẹ̀lú áàsì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ni kí ẹ fà sí ti kántà. Èyí tí ẹ ò bá tíì fa wáyà sí, ẹ fi okùn tí ẹ ó fi fa wáyà lọ́jọ́ iwájú sínú rẹ̀, kí ẹ sì dé ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé téèpù ìwọ̀n sára ògiri, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí bíríkìlà tó rẹ́ ẹ.