Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí àlejò kúrò ní Ìjẹ̀bú láì jẹ oúnjẹ Ìjẹ̀bú

Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń rí wọn. Wọ́n á wakọ̀ wọlé láti Èkó lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á lọ sí Òkè-Ẹ̀rì lọ wo ibi tí wọ́n ní wọ́n sin Bìlíkísù Ṣùngbọ́, obìnrin ọlọ́lá inú ìtàn yẹn, sí, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹ wá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ fún ọjọ́ méjì: jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì àti adìẹ díndín, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Ìrẹsì yẹn wà ní Sùúrùlérè tí wọ́n ti wá. Kì í ṣe owó ni wọn ò ní, oúnjẹ wa ò sì wọ́n jù wọ́n lọ. Wọn ò mọ àkókò ni, wọn ò sì bá ẹni tó ń se oúnjẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kéèyàn jí pẹ́, kó rìn kiri ìlú, kó wá máa wá ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ ewùrà tí a fi ń mọ Ìjẹ̀bú, ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ìyá olóúnjẹ ò ní mẹ́núù tó ń dúró dè yín. Ìkòkò kan ló gbé kaná láàárọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ló sì ní in lọ́kàn. Tó bá ti tán, ó tán. Ó ti ṣe èmi náà rí. Mo mú àbúrò ìyá mi kan, tó ti lé ní ogún ọdún lókè òkun, lọ sí bùkà kan nínú Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ọjọ́ tó ti bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ló ti ń dárúkọ ìkọ́kọrẹ́. Nígbà tá a fi máa débẹ̀, wọ́n ti fọ ìkòkò, wọ́n ti dojú ẹ̀ dé. Ìyá náà wo ojú àǹtí mi, àánú ṣe é. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò lè pè mí látàárọ̀ ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Látìgbà náà, tí mo bá ní àlejò, ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń lọ kí ìyá olóúnjẹ, màá gba nọ́ńbà rẹ̀, màá sọ iye èèyàn tó ń bọ̀. Ó máa ń bu tiwa sọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti san àsansílẹ̀, torí a ju mẹ́wàá lọ.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ kò ní ní kí wọ́n tètè gbé e wá. Ewùrà ni, kì í ṣe iṣu lásán. Wọ́n á bó o, wọ́n á wá máa rin ín lórí páànù tí wọ́n ti fi ìṣó dá lu, títí yóò fi dà bí ògì tó ki, tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ata, epo pupa, ẹja gbígbẹ, edé àti pọ̀nmọ́ á ti máa hó nínú ìkòkò. Olóúnjẹ á wá máa fi ọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ náà, á sì dé e. Kò gbọ́dọ̀ fi orógùn kàn án títí èyí tó bù sí i á fi dì ní kókó-kókó. Tó bá kánjú rò ó, ó ti di ẹ̀kọ nìyẹn. Ọwọ́ tó ń rin ewùrà náà máa ń yún olóúnjẹ, ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá sọ iye tí wọ́n ń tà á.

Nítorí náà, ẹ má bínú pé ó ní kókó. Kókó yẹn ni a fi ń mọ̀ pé ó jinná dáadáa. Ẹ má sì pè é ní àsáró lójú ẹni tó sè é. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò, mo sì rí bí ojú ìyá náà ṣe yí padà.

Ohun tó tún máa ń yà wọ́n lẹ́nu ni ẹ̀bà tútù. Wọ́n á bu ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná, wọ́n á wá gbé ẹ̀bà tí wọ́n ti tẹ̀ tipẹ́ síwájú wọn, àlejò á ní kí wọ́n dá a padà, pé ti àná ni. Kì í ṣe ti àná. Bí àwa ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, òkèlè tútù pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bákan náà ni kíkan tó wà lára ẹ̀bà ọ̀hún: gààrí Ìjẹ̀bú máa ń pẹ́ nínú àpò kó tó di pé wọ́n yan án, ó sì gbọ́dọ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ gààrí tí kò kan, tó pọ́n lépo, ó ń wá ti ìlú ẹlòmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ rà á lọ sílé, ẹ kó o sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ fún un: èyí tó gbẹ dáadáa á máa dún, kò ní lẹ̀ mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ iye owó wá ńkọ́? Ẹ béèrè kí wọ́n tó bù ú. Ẹ béèrè iye ṣíbí kan, iye ẹran kan, kí ẹ sì na ìka sí ẹran tí ẹ ń wí. Tí ẹ bá kàn ní “ẹ fi ẹran sí i,” ẹran ìgbẹ́ lè bọ́ sínú àwo, owó òyà kì í sì í ṣe owó pọ̀nmọ́. Mo ti rí ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí èyí, olóúnjẹ ò sì jẹ̀bi. Ẹ kí i kí ẹ tó béèrè. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá” tó. Ẹ má na ọwọ́ pè é bí ẹni ń pe kọ̀ndọ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ Ojúde Ọba, àjọ̀dún ńlá tí a máa ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, yàtọ̀ pátápátá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, láti ìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin sì ti gba gbogbo ayé kan ní 2024, èrò ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní òun á jẹun lẹ́yìn tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, bá jó tán, ebi á pa á. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, tàbí kí ẹ ti ní ilé tí wọ́n ti ń retí yín.

Ní ti Rẹ́mọ tó múlé gbè wá, àwọn kan á jẹun ní oríta tí mọ́tò ti ń yà ní Ṣàgámù, wọ́n á ní àwọn ti jẹun Rẹ́mọ. Oúnjẹ arìnrìn-àjò nìyẹn, wọ́n fi ìkánjú sè é fún ẹni tó ń kánjú. Ẹ wọ inú ìlú. Sábo tí àwọn Hausa oníṣòwò obì tẹ̀dó sí dára fún súyà, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ dé ibẹ̀, nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jó, kì í ṣe ọ̀sán gangan tí wọ́n ń ta èyí tó ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lẹ wá wò, ẹ wá ayamáṣe, ọbẹ̀ ata tútù yẹn tí epo rẹ̀ ti jóná dáadáa, tí irú sì ń ta sánsán. Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọ́n fi ewé wé ni wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́; ẹ bèèrè bóyá ọ̀fadà gidi ni ìrẹsì tó wà nínú ewé náà. Ewé nìkan kò sọ ìrẹsì di ọ̀fadà. Ìlíṣàn ní tirẹ̀, ìjọ Adventist ló ni Babcock University tó wà níbẹ̀, Sábáàtì wọn, ọjọ́ ìsinmi tí wọn kì í tajà, sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tó bá ń lọ kí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó má fi ọkàn sí pé òun á ra oúnjẹ nínú ọgbà.

Omi inú ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ẹ mú owó díẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ, tiráńsífà tí kò wọlé sì ń da ìyá tó ní oníbàárà mẹ́wàá lórí ìlà láàmú. Tí oúnjẹ bá sì dùn mọ́ yín, ẹ sọ fún un, kí ẹ bi í ọjọ́ wo ló máa ń din òjòjò, àkàrà ewùrà yẹn.