Ìwé Alàwòrán Tó Ń Gbé Inú Páálí

Nínú oṣù kọkànlá ni mo ra ìwé mẹ́fà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù nítòsí Ọjà Ọba, l'Ákùrẹ́. Àwòrán ló kún inú wọn, ọ̀rọ̀ ò ju ìlà méjì lọ lójú ewé kan, ìwé òyìnbó sì ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọ mi méjì ni mo rà á fún: ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 5, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 3.

Mo kó gbogbo rẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó fọ abọ́ alẹ́ tán, àbúrò ti fi eyín fa etí ọ̀kan ya, ẹ̀gbọ́n sì ní, "Mọ́mì, mo ti kà á tán." Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni wọn ò kà sí rárá, ìwé ìgbà òtútù lókè òkun: ilé, igi, mọ́tò, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Àbúrò wò ó, ó ní, "Ta ló da láfún sílẹ̀?" Mo ní òjò tó dì ni. Ó wò mí bíi pé mo ń parọ́ fún òun.

Mo bá kó ìwé sínú páálí, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo pinnu pé ohun tó bá wà níta lásìkò náà nìkan la ó máa kà nípa rẹ̀.

Ọyẹ́ dé, kò sì sí ọyẹ́ nínú ìwé òyìnbó kankan. Àwa la ṣe tiwa. A gé àwòrán lára kàlẹ́ńdà àtijọ́, a fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ilé-ẹ̀kọ́: ètè tó sán, ike òrí, lékèélékèé tí àwọn ọmọ ń na èékánná sí kó fún wọn ní funfun, kòkó tí wọ́n sá sójú sìmẹ́ńtì. Ní ojú ewé àgbálùmọ̀, kóró gidi mẹ́ta ni mo lẹ̀, wọ́n ń dán bíi bàtà tuntun. Àbúrò ṣí ọ̀kan kúrò, ó lá a. Sítáàṣì ọ̀hún náà ni aáyán tún wá jẹ, ewé méjì ló bá a lọ. Gọ́ọ̀mù ni mo ń lò báyìí.

Màmá ọkọ mi wá kí wa láti Ìdànrè, ó bá wa nídìí ìwé lọ́sàn-án gangan. Ó ní, "Ìyàwó mi, a kì í pàlọ́ ọ̀sán o." Mo ní, "Ìwé ni, Mà, kì í ṣe àlọ́." Ó gba ìwé náà, ó ṣí i dé ibi kòkó, ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń la kòkó, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń pọ́n omi dídùn ara rẹ̀ lá, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ 6 kí wọ́n tó sá a, àti eré tí wọ́n máa ń sá bí òjò bá ṣú lójijì. Oòrùn wọ̀, Màmá ò tíì dákẹ́. Àtìgbà náà ni mi ò ti ka ìlà òyìnbó inú ìwé mọ́. Màá ní, "Kí lẹ rí?" màá sì panu mọ́.

Nínú oṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ dé tòun ti yìnyín. Ariwo orí páànù ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Bó ṣe dáwọ́ dúró, wọ́n sáré jáde pẹ̀lú abọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé tiẹ̀ wọlé, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá wa gbé ìwé láfún yẹn."

Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò mú yìnyín kan, ó gbé e lé orí òrùlé funfun inú àwòrán, ó sì ń wò ó títí ó fi yọ́ tán. Ojú ewé yẹn ṣì wú títí di òní.