Bí òògùn aléjì mi ṣe padà ń ṣiṣẹ́

Láti ìgbà tí dókítà ti fi cholestyramine kún òògùn mi nítorí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni cetirizine, òògùn aléjì mi, ò ti ràn mí mọ́. Omi ń dà ní imú mi, ojú ń yún mi ṣáá.

Apoògùn ló là mí lóye. Ìyẹ̀fun tí à ń pò mọ́ omi mu ni cholestyramine. Kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ rárá. Inú ìfun ló ti ń di ohun tó wà nínú òróòro mú, tí wọ́n á sì jọ bá ìgbẹ́ jáde. Òògùn mìíràn tó bá bá níbẹ̀, ó lè dì í mú pẹ̀lú, bí àwọ̀n tí kì í ṣa ẹja.

Àyè la fi sí àárín wọn: kí òògùn mìíràn ṣáájú ìyẹ̀fun náà ní wákàtí 1, ó kéré tán, tàbí kó tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí 4 sí 6. Mo ń mu ìyẹ̀fun pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀. Cetirizine di ti alẹ́ kí n tó sùn, ó kúkú máa ń kùn mí lóorun. Imú mi ti gbẹ.

Statin, irú òògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mìíràn, bíi simvastatin, kì í di òògùn mú báyìí, kì í sì í sábà bá cetirizine jà. Ṣùgbọ́n òògùn imú dídí tó ní pseudoephedrine lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi páálí rẹ̀ han apoògùn kí ẹ tó lò ó.